Ẹ Má Ṣe Fi Àtúnṣe Kan Náà Ránṣẹ́ sí Gbogbo Aago Lọ́jọ́ Kan

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, ọkàn mi ti wà nílé. Aago ọwọ́ 84 ló wà lábẹ́ àbójútó wa nígbà náà, lọ́wọ́ àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà tí àwọn ọmọ wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Aago náà ń ka bí ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń lù. Bí onítọ̀hún bá sì ṣubú, yóò pè wá. Àwọn tó ṣe é ti gbé àtúnṣe tuntun jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní update. Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo 84 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo gbé báàgì mi, mo gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màmá kan ṣubú ní balùwẹ̀. Aago wà lọ́wọ́ wọn, ó tàn, ó ń sọ wákàtí tó lù. Kò pe ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe náà ti dá gbogbo ètò inú rẹ̀ padà sí bó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìkésíni ìṣubú sì ti wà ní pípa. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn pọn omi ló bá wọn nílẹ̀ nígbà tí aago mọ́kànlá ń lọ lù. Wọ́n yè é. Àmọ́ ìbàdí wọn ò tíì bọ̀ sípò dòní. Aago méjì mìíràn ò tilẹ̀ jí mọ́ rárá. Ọ̀kan ṣì wà lọ́dọ̀ mi: bí mo bá fi í sí cháàjì, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ lójú rẹ̀, á kú, á tún yọ.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ̀yin tó ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀yin tó ń kọ́ àwọn eléré ìdárayá, ẹ̀yin tí ẹ fi irú aago yìí sọ́wọ́ àwọn ọlọ́dẹ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Firmware ni ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú aago, òun ló ń darí bátìrì, ojú aago àti gbogbo ohun tó ń ka ara. Bí áàpù orí fóònù bá bàjẹ́, ẹ ó pa á rẹ́, ẹ ó tún un gbé wọlé. Bí àtúnṣe firmware bá dúró lágbedeméjì, aago lè di òkúta.

Kì í sì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ kékeré nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2018, Apple gbé watchOS 5.1, àtúnṣe fún aago ọwọ́ wọn, jáde, aago àwọn kan sì há sórí àmì ápù, kò kúrò níbẹ̀. Apple ní láti fà á sẹ́yìn, wọ́n sì gbé 5.1.1 jáde lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, fáìlì kan tí aago Garmin fi ń wá sátẹ́láìtì ló lábùkù, kì í tilẹ̀ ṣe firmware, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ aago ń kú, wọ́n ń tàn, wọ́n tún ń kú.

Ìwé àkọsílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Ẹ kọ nọ́ńbà aago kọ̀ọ̀kan, irú èyí tó jẹ́, firmware tó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tó wọ̀ ọ́. Aago méjì lè jọra bí ìbejì kí inú wọn má rí bákan náà. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ LockState ní Amẹ́ríkà fi firmware tí wọ́n ṣe fún oríṣi àgádágodo ilẹ̀kùn kan ránṣẹ́ sí oríṣi mìíràn; nǹkan bí 500 ló dákú, àwọn onílé ò sì lè fi nọ́ńbà ṣílẹ̀kùn mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtúnṣe náà sínú aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí òṣìṣẹ́ yín gan-an wọ̀. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ wẹ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́ sùn, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá sí wàhálà, ẹ mú mẹ́wàá sí i, ẹ tún dúró, kó tó kan àwọn yòókù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárọ̀ ni àwa ń ṣe tiwa báyìí, torí ọjọ́ iṣẹ́ ṣì kù níwájú bí nǹkan bá yíwọ́. Ti bátìrì náà ńkọ́? Apple ò ní bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe àfi tí aago bá wà lórí cháàjì, tí bátìrì rẹ̀ sì ti tó ìdajì ó kéré tán. Níbi tí iná ọba ti lè lọ nígbàkigbà, ẹ má ṣe gba ohun tó dín sí ìyẹn. Bí àtúnṣe bá ń gba Bluetooth fóònù wọ aago, ó ń falẹ̀, bí bàbá bá dìde kúrò nídìí fóònù wọn lọ sí ọjà, ó lè já sáàárín. Kí ẹ sì tó ra aago, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá firmware àtijọ́ ń dúró nípamọ́ nínú rẹ̀ títí tuntun yóò fi jí dáadáa. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi sọ pé ẹ ò ní ṣe àtúnṣe mọ́. Ìyẹn léwu ju èyí tí mo ṣe lọ. Ní ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ insulin kan tí Medtronic ṣe, tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gbé mọ́ra: ẹni tó bá wà nítòsí lè yí iye oògùn tó ń wọ ara wọn padà, kò sì sí àtúnṣe tó lè dí ihò náà. Ṣe ni wọ́n ní kí aláìsàn pààrọ̀ ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 2017 ti fi bó ṣe yẹ kí á ṣe é hàn. Pacemaker (ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé) tí ilé iṣẹ́ Abbott ń bójú tó, tó wà láyà àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà tó 465,000 tí àtúnṣe kàn, wọn ò sì fi ránṣẹ́ sí wọn nílé. Ilé ìwòsàn ni aláìsàn ń lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, dókítà wà nídìí ẹ̀, ẹ̀rọ sì ń mú ọkàn lù ní ìgbà 67 ní ìṣẹ́jú kan títí yóò fi parí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń ra aago ránṣẹ́ sílé: láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ibẹ̀ ti mú un ní dandan fún ẹni tó ṣe é láti sọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò dópin. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Bí àtúnṣe bá ti wọlé, a máa ń pe ẹni kọ̀ọ̀kan kó tẹ bọ́tìnì ìrànlọ́wọ́, a sì ń wo ìkésíni ìṣubú bóyá ó ṣì wà ní títàn. Màmá yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ pè. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, fóònù á dún lórí tábìlì mi, wọ́n á wá bi mí pé, "Ṣé ó wọlé?" Màá ní, "Ó wọlé, Mà."