Òrí ló ń yọ́, DNA ń tú ni

Bí ooru bá mú DNA, àwọn òyìnbó ń sọ pé ó yọ́. Bí àwa náà bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀, a ṣì í sọ. Òrí ń yọ́, ìda ń yọ́: ohun tó dì di olómi. Ṣùgbọ́n okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra ni DNA, gẹ́gẹ́ bí Watson àti Crick ṣe là á yé ayé ní 1953. Ooru kàn ń yà wọ́n ni.

“Tú” ló tọ́. Bí ọjà Àtákúmọ̀sà bá tú ní Iléṣà, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ ni. Wọ́n ṣì lè pàdé lọ́la. Bí ooru bá rọlẹ̀, okùn DNA méjèèjì náà lè padà so mọ́ra.

Ẹ má sì pè é ní “já”. Nínú àyẹ̀wò PCR, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà DNA, ooru tó tó 95°C ni wọ́n fi ń tú DNA. Okùn kọ̀ọ̀kan wà lódindi, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

DNA mìíràn wà tó jẹ́ òrùka, kò lẹ́nu. Irú rẹ̀ wà nínú bakitéríà, ó sì wà nínú mitokọ́ńdíríà tiwa. Iye ìgbà tí okùn kan fi wé èkejì kò lè yí padà níbẹ̀, àfi bí nǹkan bá gé e. Bí ooru bá ṣí ojú kan, ìlọ́ tó kúrò níbẹ̀ kò sọnù: ibi tó kù ló ń gbà á, òrùka náà á sì lọ́ lu ara rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi ń ṣí díẹ̀díẹ̀, tó sì ń fẹ́ ooru tó ju ti DNA ẹlẹ́nu méjì, tí kì í ṣe òrùka, lọ kó tó ṣí tán. Kódà nígbà tó bá ṣí tán, okùn méjèèjì ṣì há mọ́ra. Ó ṣí, kò tú.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ààyè rẹ̀: òrí yọ́, okùn já, DNA ẹlẹ́nu méjì tú, DNA olórùka ṣí. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ wọn ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.