Ìmúrasílẹ̀ Ẹni Tí Yóò Sọ̀rọ̀ Nínú Àpéjọ Àwọn Olùkọ́

Ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ olùkọ́ kò lè ṣàì dìde ní ọjọ́ kan láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1931 tí a ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, inú àpéjọ ni àwọn olùkọ́ ti ń gbé ìṣòro wọn kalẹ̀ kí a lè wá àtúnṣe sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó mọ ọmọdé kọ́ ni kò mọ bí a ti í bá àgbà sọ̀rọ̀.

A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tí kò ṣìṣe rí. Kí a tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nígbà tí a ń ṣe olùkọ́ ní ìletò kan, a rán wa lọ sọ̀rọ̀ nínú àpéjọ nítorí àwọn ọmọ tí ebi ń pa nínú kíláàsì. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ tọrọ: kí a máa fún wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà kí iṣẹ́ òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé olójú-ewé mẹ́rìnlá ni a kọ. Láti ayé àwọn Gíríìkì ni a ti bẹ̀rẹ̀, a sì dorí kodò, a ń kà á. Agogo lù kí a tó dé ibi ẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ebi sì ń pa àwọn ọmọ náà di ọdún kejì. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ kì í ṣe nítorí ògo ẹni tí ń sọ̀rọ̀, bí kò ṣe nítorí ẹni tí a torí rẹ̀ dìde.

Ẹ̀kínní, kí a tó mú kálàmù, ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn kan wí ohun tí a fẹ́ kí àwọn olùgbọ́ ṣe. Èyí ni kí ó ṣáájú. Kí ẹ̀rí tẹ̀ lé e. Kí a sì tún fi í parí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ẹ̀kejì, kí a mọ àwọn tí a ó bá sọ̀rọ̀. Kí a má ṣe kọ́ olùkọ́ ní ohun tí ó ti mọ̀. Ìtàn ọmọ kan tí ó sùn lé síléètì rẹ̀ nítorí ebi ju ìtàn gbogbo àwọn Gíríìkì lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a sọ ọ́ sókè nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, níwájú ọ̀rẹ́ tí kì yóò pọ́n wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, ní ọjọ́ náà òun dà bí ọmọ-ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tí yóò gbójú lé pé òun sáà gbọ́ èdè? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀kẹrin, kí a bọ̀wọ̀ fún àkókò. Bí a bá fún wa ní ogún ìṣẹ́jú, kí a múra ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ìyókù jẹ́ ti ìbéèrè. Kí a kọ kókó ọ̀rọ̀ sórí ìwé pélébé kan, kí a gbójú sókè, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá sì gbọ́ wa.

Ní ọdún kejì, a tún padà lọ. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà kan ni ó dìde, tí ó bi wá pé, “Ẹ̀yin olùkọ́, èló ni àkàrà náà yóò ná wa?” Nígbà náà ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ti wọlé.