Epo Tí Wọ́n Ṣì Ń Wá

Ìbéèrè

Kajú ṣe dáadáa fún wa ní Koussountou níbí lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Lẹ́yìn tí mo san owó àwọn tó bá mi ṣà á, tí mo sì san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó wà ní Sokodé, ó ku 1,200,000 CFA lọ́wọ́ mi. Àbúrò ìyàwó mi kan tó ń gbé ní Lomé wá mú ọkùnrin kan wá sílé wa. Ọkùnrin náà ní ilé-iṣẹ́ àwọn ń wá epo rọ̀bì ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú, pé àwọn ní bulọ́ọ̀kì ní etíkun Tógò àti ní Nàmíbíà, àti pé ẹni tó bá ra ìpín kí wọ́n tó gbẹ́ kànga, owó rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́ta kí ọdún tó yípo. Ó fi àwòrán ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ lójú òkun hàn wá lórí fóònù. Ó tún ní ilẹ̀ tiwa gan-an lépo nínú, torí pé omi kànga kan lọ́nà Kambolé ń dán bí ẹni da epo sí i. Àwọn ará ẹgbẹ́ èsúsú wa ti ń múra láti dá owó jọ. Èmi ti fi 50,000 ṣe àsansílẹ̀, Flooz ni mo fi rán an. Ìyá àwọn ọmọ ní òun kò fọwọ́ sí i. Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí? Àbí òwò epo wíwá kì í ṣe tirú wa ni?

Bàbá Ìbejì, Koussountou

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oko o, ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kún 50,000 yẹn títí ẹ ó fi ka èsì yìí tán. Tí ẹ bá sì kà á tán, mo rò pé ẹ kò ní fẹ́ fi kún un mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kànga ọ̀nà Kambolé kúrò nílẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ibi tí omi òkun tàbí adágún ti kó ẹrẹ̀ àti òkú ẹ̀dá wẹ́wẹ́ jọ fún àìmọye ọdún, tí ìpele kan gorí òmíràn, tí ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sì sè é, ibẹ̀ lepo ti ń wá. Ní gúúsù Tógò, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ìwọ̀nba tó sún mọ́ etíkun lọ: Hahotoé tí wọ́n ti ń wa fósífétì, àti Tabligbo tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ gba òkè lọ, orí àpáta líle àtayébáyé ló ń rìn. Àpáta yìí náà ló wà lábẹ́ Sokodé, Tchamba, Kambolé àti ilé yín. A kì í bá epo nínú rẹ̀.

Kí ló wá ń dán lójú omi? Ilẹ̀ pupa yín ní irin nínú, irin yìí a sì máa ta awọ tín-ín-rín kan sójú omi tó bá dúró sójú kan. Ẹ fi igi kàn án. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ tí kò sì padà lẹ̀ mọ́ra, irin ni. Tó bá ya, tó sì tún sàn padà pa pọ̀, epo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹ wo àyíká kànga náà dáadáa bóyá ẹnìkan ń kó boudè, bẹntiróòlù fàyàwọ́, pamọ́ síbẹ̀. Àgbá bẹntiróòlù tó ń jò wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè ba kànga odidi agbo ilé jẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe mu omi náà mọ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju owó ẹnikẹ́ni lọ.

Ká tilẹ̀ ní epo wà níbẹ̀, kì í ṣe ti onílẹ̀. Òfin epo rọ̀bì tí Tógò ṣe ní ọdún 1999 fi ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Ìjọba. Ẹni tó bá ń ta ìpín epo inú oko fún yín, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń tà.

Ọ̀rọ̀ etíkun Tógò ní òótọ́ díẹ̀ nínú, òótọ́ yẹn ló sì jẹ́ kí irọ́ ọkùnrin yìí rí ibi jókòó. Ilẹ̀ abẹ́ òkun kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Gánà, tó gba iwájú Lomé àti Kútọnu, tó sì lọ títí dé ìhà Òkìtìpupa nílẹ̀ Oǹdó. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ gbà pé epo lè wà níbẹ̀. Hunt Oil ti Texas ti wá wò ó níhà Tógò rí. Ní ọdún 2010, Eni ti Ítálì fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba fún bulọ́ọ̀kì méjì, Oti àti Kara. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìwọ̀nyí, tí owó kì í wọ́n lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ Tógò kò tí ì ta àgbá epo kan ṣoṣo tó jáde látinú òkun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí ààlà òkun wà láàárín Tógò àti Gánà náà ń bẹ nílẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà lé e lórí.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa lórí ilẹ̀ abẹ́ òkun kan náà. Ní Sèmè, lẹ́bàá Kútọnu, ọdún 1968 ni wọ́n rí epo. Kò jáde fún títà àfi ní 1982. Nígbà tó di 1998, owó epo jábọ́ lágbàáyé, wọ́n sì ti í pa. Gbogbo ohun tí wọ́n fà láàárín ọdún 16 yẹn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 22 àgbá lọ. Nàìjíríà ń fa iye yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbà á lọ́wọ́ òmíràn, tí wọ́n ń sọ pé àwọn yóò jí i dìde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ajé, tó wà lójú òkun níwájú Badagry. Yinka Folawiyo Petroleum, ilé-iṣẹ́ ọmọ Yorùbá, ló gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Wọ́n rí epo níbẹ̀ ní 1996. Oṣù karùn-ún ọdún 2016 ni àgbá àkọ́kọ́ tó jáde, kò sì pọ̀ tó bí wọ́n ti fojú sọ́nà fún. Ogún ọdún gbáko ni, Bàbá Ìbejì, lọ́wọ́ ìdílé tó lówó, tó sì mọ ìjọba. Ọkùnrin tiyín ní ọdún kò ní í yípo.

Mi ò ní kí ẹ rò pé kò sí ẹni tó jèrè nínú òwò yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Kosmos àti Tullow rí epo rẹpẹtẹ níwájú ìwọ̀-oòrùn Gánà, níbi tí wọ́n ń pè ní Jubilee lónìí. Nígbà tí 2010 fi ń parí lọ, epo ti ń jáde. Ní Côte d'Ivoire, Eni rí Baleine ní 2021, ó sì ń tà á ní 2023. Ó yá wọn gan-an. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó jèrè, kí ẹ sì wo ibi tó dúró sí. Kosmos kò dá èsúsú: Blackstone àti Warburg Pincus, àwọn ilé olówó ńlá ní Amẹ́ríkà, ló gbọ́wọ́ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Gánà méjì tó dá EO Group sílẹ̀ ló mú Kosmos wọ ìlú wọn, wọ́n sì fún wọn ní ìpín 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2011, Tullow ra ìpín náà ní mílíọ̀nù 305 dọ́là. Kì í ṣe owó kajú ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Wọ́n ti wà nídìí àdéhùn kí ẹnikẹ́ni ní ọjà tó gbọ́ nípa rẹ̀, ẹlòmíràn ló sì gbé ìnáwó gbígbẹ́ ilẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa òwò yìí kò ju èyí lọ. Ẹni tó ń wá epo dà bí ọdẹ tó ń ta ẹran tí kò tí ì pa. Kànga kan ṣoṣo nínú òkun jíjìn lè gba ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ, nígbà mìíràn ó ń kọjá 100, èyí tó jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 60 CFA. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rí epo rí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kànga tí wọ́n gbẹ́ ló ń gbẹ, tàbí kí wọ́n bá ìwọ̀nba tí kò lè san owó ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè gbẹ́ mẹ́wàá, kí mẹ́jọ ṣòfò, kí méjì sì gbà á là. Àwọn kéékèèké kì í dúró de epo. Wọ́n á gba ìwé àṣẹ lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á pariwo, iye ìpín wọn á ga sókè, àwọn tó wà nínú ilé á ta tiwọn, wọ́n á jáde. Àkókò tí àwọn yẹn ń tà gan-an ni ọkùnrin kan máa ń dé Koussountou.

Ó ní Nàmíbíà. Òótọ́ ni pé Shell rí epo níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022, TotalEnergies náà rí tirẹ̀, ariwo sì ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Shell fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti ka nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là sí àdánù níbẹ̀, torí pé epo tí òun rí kò tí ì ṣe é fà lọ́nà tó lérè. Epo wà níbẹ̀ o, òwò ni kò tí ì sí. Ùgáńdà rí tirẹ̀ ní 2006; ó di 2022 kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó pinnu láti náwó sí fífà rẹ̀. Ní Làìbéríà, ExxonMobil gbẹ́ kànga ní 2016, kò bá nǹkan kan tó ṣe é tà.

Ká ní ẹ tilẹ̀ ra ìpín tòótọ́ ńkọ́, ní ilé-iṣẹ́ tó ti ń fa epo? Tullow yẹn kan náà, tí ìpín rẹ̀ wà ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti ti Accra: ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 2019, ó kéde pé epo tí òun máa fà kò ní tó bí òun ti ṣèlérí, ọ̀gá àgbà rẹ̀ sì kúrò nípò. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìpín rẹ̀ lọ tó pòórá.

Ní tèmi o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo ló burú jù nínú ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ìlérí ìlọ́po mẹ́ta ló burú jù. Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ kò tí ì gbàgbé ICC Services tó wó ní 2010: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kówó fún un nítorí èlé tí báǹkì kankan kò lè san, ó sì ju 100 bílíọ̀nù CFA lọ tó bá a lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ epo fún wọn. Èlé gọbọi nìkan ti tó.

Ẹ bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè díẹ̀. Kí ni orúkọ bulọ́ọ̀kì náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba wo ló sì fún wọn ní ìwé àṣẹ rẹ̀, lọ́dún wo? Ta ló ń san owó kànga? Níbo ni ìwé tí AMF-UMOA fi gbà wọ́n láyè láti gbowó lọ́wọ́ ará ìlú wà? AMF-UMOA ni àjọ tó ń mójú tó ọjà owó ní gbogbo ilẹ̀ wa tó ń ná CFA, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tọrọ owó ìdókòwò láti ilé dé ilé láìgba àṣẹ rẹ̀. Owó tó bá sì ń lọ ra ìpín ní ilẹ̀ tí kì í ná CFA ní òfin BCEAO, báǹkì àpapọ̀ tó ń tẹ CFA wa, tó ń tọ́ ọ. Kì í gba Flooz ẹnìkan kọjá.

Ẹ béèrè bóyá òwò yìí kì í ṣe tirú yín. Epo wíwá kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe tèmi náà. Ṣùgbọ́n ìpín rírà lè jẹ́ tiyín. Láti 1998 ni ọjà ìpín tiwa, BRVM, ti ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan. Ẹ lè dé ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tí wọ́n ń pè ní SGI ní Lomé. Ecobank tó fi Lomé ṣe ibùjókòó wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ìpín rẹ̀ kan kò ti tó 100 CFA. Tó bá jẹ́ epo náà ló wù yín, TotalEnergies ti Côte d'Ivoire wà níbẹ̀: bẹntiróòlù ló ń tà ní tirẹ̀, kì í wá epo kiri. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọkàn òun máa sọ kúlúkúlú lè yá Ìjọba Tógò lówó: 10,000 CFA ni ìwé ẹ̀yáwó kan sábà máa ń jẹ́, èlé rẹ̀ sì máa ń wà ní nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo mọ̀ pé kò dùn létí bí ìlọ́po mẹ́ta.

Bí mo bá sì jẹ́ yín, n kò ní gbé gbogbo 1,200,000 lọ sí Abidjan. Kajú ni iṣẹ́ tí ẹ mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Cajou Espoir tó ń fọ́ kajú wà ní Tchamba, ẹ sì mọ̀ jù mí lọ bóyá igi tó ti gbó ni ẹ nílò láti pààrọ̀, tàbí ibi gbígbẹ tí ẹ lè kó kajú sí kí ẹ má bàa máa tà á fún ẹni tó kọ́kọ́ dé nígbà tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ bá Ìyá Ìbejì jókòó lórí ìyẹn. Ó jọ pé ojú rẹ̀ là nínú ọ̀rọ̀ owó.

Ní ti 50,000, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ Flooz náà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó gbà á sílẹ̀, kí ẹ béèrè owó yín níwájú àbúrò ìyàwó yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tan òun náà. Tí kò bá wá, ẹ gbé e lọ sí gendarmerie ní Tchamba, kí ẹ sì ṣe é kí ẹgbẹ́ èsúsú yín tó tún pàdé, torí ti wọn ni owó ńlá tó kù. Tí ọkùnrin náà bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kékeré kan kí òun tó lè dá 50,000 padà, ẹ má san án.