Bí Fóònù Bá Bọ́ Sómi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, kì í ṣe ohun tuntun láàrin wa ní Bẹyẹrúnkà àti Ọjà'ba pé kí fóònù yọ bọ́ láti àpò àyà sínú garawa nígbà tí a bá tẹ̀ba láti ṣe àlùwàlá. Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn náà ló sábà ń pa á: a ó tàn án wò, a ó kì í bọ iná. Iná tó bá ń rìn nínú ohun tútù ni í jó o, òun náà ni í mú kí ó tètè dípẹtà. Bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni ohùn òbí tó ti kú àti àkọsílẹ̀ gbèsè ọjà wà.

Ẹ pa á kíá. Ẹ yọ síìmù, ẹ nù ún, ẹ dojú ihò tí a ń ki wáyà ṣájà bọ̀ kọlẹ̀, kí ẹ sì rọra fi gbá àtẹ́lẹwọ́ kí omi lè kán jáde. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ó lè tó wákàtí 24 kí ó tó gbẹ tán. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì rì í sínú ìrẹsì (àwa náà ti fi ìrẹsì ṣòfò rí!). Ní ọdún 2024, Apple tó ń ṣe iPhone kìlọ̀ pé èérún ìrẹsì lè ba fóònù jẹ́.

Nígbà mìíràn, bátìrì tí omi bà jẹ́ a máa wú títí ẹ̀yìn fóònù yóò fi là. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un. Ó lè gbiná. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe.