Bakitéríà àti Fáírọ́ọ̀sì Lòdì sí Ìdin Àgbàdo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí, láti ọdún 2016 ni ìdin àfòpiná kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ti ń ba àgbàdo jẹ́ ní Nàìjíríà. Oògùn oníkẹ́míkà a máa pa á, a sì máa pa oyin mọ́ ọn. Ọ̀nà mìíràn ni kí a fi àìsàn tirẹ̀ bá a jà.

Bacillus thuringiensis ni bakitéríà tí Ernst Berliner sọ lórúkọ ní Jámánì ní ọdún 1915. Omi inú ìfun ìdin dà bí omi eérú. Ó ń yọ́ èròjà purotéènì bakitéríà náà, èyí a sì dá ihò sí ìfun rẹ̀ lára. Ìdin a tètè ṣíwọ́ jíjẹ. Baculovirus, tí í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í tètè pa ìdin, ṣùgbọ́n a máa ti ara òkú ìdin ran àwọn yòókù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Inú àgbá irin tí a ń darí ooru àti afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni a ti lè sìn wọ́n. Omi oúnjẹ tó fún bakitéríà. Fáírọ́ọ̀sì kò lè bí sí i láìsí sẹ́ẹ̀lì kòkòrò alààyè. Bí bakitéríà bá ṣáájú wọ àgbá sẹ́ẹ̀lì, yóò jẹ oúnjẹ wọn tán. Nítorí náà, fáírọ́ọ̀sì gbọdọ̀ parí iṣẹ́ kí bakitéríà tó wọlé, tàbí kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àgbá tirẹ̀, kí a sì pò wọ́n pọ̀ ní ìkẹyìn.

Ẹ̀yin òbí, ìmọ́tótó àti sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́, yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti ń kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀.