Ṣé Odùduwà àti Ṣàngó gbé ayé rí?

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń mọ ọba tó gbé ayé rí lóòótọ́ yàtọ̀ sí ti inú àlọ́? — Òǹkàwé, Ìkòtún.

Ìdáhùn: Ẹlẹ́rìí tí kò gbọ́ ìtàn lẹ́nu onítàn kan náà ni kí ẹ wá. Aláàfin Májọ̀tú dájú: yàtọ̀ sí ohun tí àwọn arọ́kìn, onítàn ààfin, sọ, arìnrìn-àjò Clapperton bá a láàfin Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dún 1826, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Johnson òǹkọ̀tàn náà kọ orúkọ Ṣàngó, ṣùgbọ́n ẹnu arọ́kìn ló ti gbọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kí ọba kan jẹ́ Ṣàngó. Iná tí wọ́n ní ó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ni mi ò gbà. Ní ti Odùduwà, àwọn kan á ní àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ifẹ̀, lọ́dún 1938 jẹ́rìí sí i. Ọlá ìlú náà ni wọ́n jẹ́rìí sí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn.