Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òwe yìí kì í wọ̀ mí létí. Ẹni tó gun àjà ló mọ ohun tó lọ ṣe. Kí ló dé tí ẹ̀bi ẹni tó dúró nílẹ̀, tó kàn na ọwọ́, fi ní láti wúwo jù? Manchester ló là mí lóye. Ẹni tó gun àjà sábà máa ń wà níbi tí ọwọ́ òfin kò tó. Ẹni tó dúró nílẹ̀ ní orúkọ, ó ní àdírẹ́sì, ó sì ní àkáǹtì ní báńkì. Òun ni ọwọ́ ń tẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tí mo mọ ìdílé rẹ̀ dáadáa. Ó ń kàwé níbí, Fallowfield ló ń gbé. Owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ku £4,200. Bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn bá ọkùnrin kan tó ń ṣẹ́ owó lórí WhatsApp dọ́rẹ̀ẹ́, nítorí pé réètì tirẹ̀ dára díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Bàbá san náírà láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán, pọ́n-ùn ti wọ àkáǹtì ọmọ. Orúkọ obìnrin òyìnbó kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé owó àsansílẹ̀ ọkọ̀ ni. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ dá ti pé, ó sì san án. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó wà nídìí káńtà ní Wilmslow Road, búrẹ́dì àti ẹyin lọ́wọ́, ni káàdì rẹ̀ kọ̀. Ó tún fi sí i, ó tún kọ̀. Nígbà tó ṣí fóònù rẹ̀, báńkì ti ti àkáǹtì náà pa.

Obìnrin òyìnbó yẹn rí ọkọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rò pé òun ń san owó rẹ̀ ni. Kò sí ọkọ̀ níbì kankan. Àkáǹtì ọmọ wa ni wọ́n ní kó sanwó sí. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe yí i: bàbá san owó òógùn rẹ̀, obìnrin náà san owó tirẹ̀, ẹni tó wà láàárín kó náírà lọ, ó sì fi owó olówó san ohun tó jẹ bàbá. Àwọn méjèèjì tó sanwó kò jalè. Síbẹ̀ ọwọ́ ọmọ wa ni wọ́n ti bá epo.

Proceeds of Crime Act, òfin ọdún 2002, sọ pé ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ tàbí tó lò ó, tó sì mọ̀ tàbí tó fura pé owó ẹ̀ṣẹ̀ ni, lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 14. Kò sẹ́ni tó gbé ọmọ yìí lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n báńkì rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ Cifas, níbi tí àwọn báńkì ti ń ta ara wọn lólobó nípa àwọn tí wọ́n bá fura sí. Ọdún 6 ni irú àmì bẹ́ẹ̀ lè lò lórí èèyàn, ó sì lè dí i lọ́wọ́ láti ṣí àkáǹtì mìíràn, láti gba fóònù tí à ń san díẹ̀díẹ̀, àti láti yá owó kọ́lé lọ́la. Lójú tèmi, ọdún 6 ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 19 tó kàn fẹ́ san owó ilé ẹ̀kọ́. Èmi kò ní ṣíwọ́ láti máa sọ ọ́.

Kí ló dé tí báńkì fi ń yára tó bẹ́ẹ̀ báyìí? Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024, bí wọ́n bá tan èèyàn débi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí oníjìbìtì láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báńkì gbọ́dọ̀ dá owó náà padà fún un, títí dé £85,000. Báńkì tó fi ránṣẹ́ yóò san ìdajì, báńkì tó gbà á yóò san ìdajì. Ìdajì kejì yìí lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, báńkì tó gbà á sílẹ̀ kì í sábà san nǹkan kan. Ní báyìí, gbogbo àkáǹtì tí owó àjèjì bá wọ̀ lè di gbèsè sí i lọ́rùn.

Owó ìtanràn náà ń bẹ níbẹ̀. Ní Bradford, tí kò jìnnà sí wa, iléeṣẹ́ kan tó ń ra góòlù, Fowler Oldfield, ń kó owó lọ sí NatWest, wọ́n tiẹ̀ ń di òmíràn sínú àpò dúdú tí à ń kó ìdọ̀tí sí. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 365 pọ́n-ùn tó wọlé, mílíọ̀nù 264 jẹ́ owó bébà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ bu mílíọ̀nù 264.8 pọ́n-ùn lé báńkì náà, ẹjọ́ tí FCA, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ owó, gbé lọ. Ní ọdún 2024 ó kan Starling, mílíọ̀nù 29. Ní oṣù keje ọdún 2025 ó kan Monzo, mílíọ̀nù 21. Àwọn kan tiẹ̀ ti fi ààfin Buckingham ṣe àdírẹ́sì nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáǹtì níbẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ekòló tí àwọn báńkì ń sá fún ni àjọ wa. Mo rí ìwé alájọ kan ní Cheetham Hill: ìwé pélébé tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí, orúkọ 12, oṣù 12, àmì kékeré níwájú ẹni tó ti kó tirẹ̀. Kò sóhun tó mọ́ tó o. Ṣùgbọ́n nígbà tí £500 bá wọlé láti ọ̀dọ̀ èèyàn 11 láàárín ọjọ́ méjì, tí ẹni tó kó o sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kẹta, lójú kọ̀ǹpútà báńkì, kò yàtọ̀ sí ti oníjìbìtì. Àjọ kò lòdì sófin. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà lóṣooṣù. Kí gbogbo èèyàn máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ owó tó fi ránṣẹ́. Kí ẹni tí àjọ kàn sọ fún báńkì rẹ̀ kí owó tó wọlé.

Ní ti réètì WhatsApp, mo mọ̀ pé kì í ṣe ojúkòkòrò ló gbé wa débẹ̀. Ìgbà kan wà tí iye tí báńkì ń ṣẹ́ pọ́n-ùn jìnnà púpọ̀ sí ti ìta. Láti ìgbà tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àlàfo yẹn ti dín kù gan-an. Èrè tó kù níbẹ̀ kò tó ohun tí ọmọ yẹn pàdánù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: kí ẹ tó fi owó lé iléeṣẹ́ kankan lọ́wọ́, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ FCA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rí i pé orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti orí áàpù mu. Ẹ má sì fi owó sílẹ̀ sùn nínú áàpù tó kàn ń fi owó ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ya owó yín sọ́tọ̀ sí tiwọn, ṣùgbọ́n ètò tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, tó di £120,000 ní oṣù kejìlá ọdún 2025, kò kan wọn bí wọ́n bá wó. Ẹ̀yin tí ẹ sọ owó ṣíṣẹ́ di iṣẹ́ láìgba ìwé lọ́dọ̀ FCA àti HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, ẹ̀wọ̀n tó ọdún 2 ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba ìwé.

Bí owó àjèjì bá wọ àkáǹtì yín, ẹ má ná an. Ẹ má sì dá a padà sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni bá pè fún yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi yín gbé epo lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tẹ 159, tàbí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí báńkì fúnra rẹ̀ dá a padà.

Bí wọ́n bá ti tì í pa ńkọ́? Ẹ má bá ọmọ tó jókòó sí káńtà jà. Bí báńkì bá ti fi ẹjọ́ sun iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti owó ẹ̀ṣẹ̀, òfin kò jẹ́ kó sọ fún yín. Bí báńkì bá tọrọ àyè láti tú owó náà sílẹ̀, iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 31 mìíràn lè tẹ̀ lé e. Ẹ fi ẹ̀hónú yín sínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ owó fífi ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n sábà ní láti dáhùn; bó bá jẹ́ ẹ̀hónú mìíràn, ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn ìdáhùn wọn, ẹ ní oṣù 6 láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, àwọn tó ń parí ìjà láàárín báńkì àti oníbàárà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Fallowfield yẹn ti kọ tirẹ̀. Ó fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ sí i, ó fi rìsíìtì náírà tí bàbá san ní Ìbàdàn sí i, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá bá ọkùnrin náà sọ lórí WhatsApp, láti ìkíni àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ tí kò gbé fóònù mọ́. A ń retí èsì.